Símẹ́ńtì Kì Í Dúró De Jímọ̀

Báṣírátù, ọmọ ilé kejì sí tiwa ní Mowe níbí, ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti parí ìwé mẹ́wàá. Wọ́n ní kó lọ kọ́ aṣọ rírán, ó ní òun ò fẹ́. Wọ́n ní kó kọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé lóòótọ́ ni pé amọ̀ pípò lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe?"

"Amọ̀ kẹ̀!" Mo pariwo débi pé Múfú ọkọ mi yọjú láti ojú fèrèsé. "Ta ló ní amọ̀ ni mo pò? Gbé àpótí yẹn wá kí o jókòó. Èmi ní ìjókòó tèmi."

Ìjókòó tèmi ni bíríkì pupa kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ fi í sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún Báṣírátù lọ́jọ́ náà ni mo ń sọ fún gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Ẹ fara balẹ̀ o. Múfú ní ẹnu mi ò ní bíréèkì, òótọ́ ló sì sọ.

Bíríkì ilẹ̀ pupa ni iṣẹ́ mi. Kì í ṣe amọ̀ lásán tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láyé àwọn bàbá ńlá wa. A máa ń wa ilẹ̀ pupa, a ó jọ̀ ọ́, a ó po símẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn kó lè le, a ó bu omi ìwọ̀nba sí i, a ó wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó ki pọ̀. Símẹ́ńtì ibẹ̀ ò pọ̀, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ jẹ ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ wò.

Ifo ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí mo sì ṣe débẹ̀ ò gùn láti sọ. Omi ni mò ń pọn fún àwọn tó ń ṣe bíríkì lẹ́yìn ojú irin. Lọ́jọ́ kan mo wo ilẹ̀ tí wọ́n pò, mo ní, "Omi yìí ti pọ̀ jù." Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gá Lámídì, ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bu ilẹ̀ náà, ó fún un mọ́ ọwọ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Lọ pe ìyá ẹ wá." Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún mi, kí n máa dá ṣiṣẹ́ tèmi. Ti owó, ẹ má bi mí. Ọmọṣẹ́ wo ló ń gbowó?

Ẹ ò mọ Ọ̀gá Lámídì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Ẹni tó bá ń pariwo, èèyàn lè sá fún un. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ńkọ́? Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi di ajọ̀ mú, tí mò ń jọ ilẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Eruku pupa wọ irun mi débi pé ìyá mi ní òun ò mọ̀ bóyá ọmọ lòun bí àbí ọ̀gán.

Lẹ́yìn ajọ̀, ilẹ̀ ni mo kọ́. Ọ̀gá kì í jẹ́ ká lo ilẹ̀ dúdú tó wà lókè. Ó ní ti àgbẹ̀ nìyẹn, gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà ló kún inú rẹ̀. A ó gbẹ́ ẹ títí a ó fi kan pupa. Á bu díẹ̀ sẹ́nu, á fi eyín lọ̀ ọ́. Bó bá ń dún ṣàkàṣàkà, iyanrìn wà níbẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ eyín, amọ̀ ti pọ̀ jù. Èmi náà jẹ ilẹ̀ Ifo títí, ó ku díẹ̀ kí n máa bu gààrí sí i. Bí a bá sì pò ó tán, a ó fún un ṣù mọ́ ọwọ́, a ó jù ú sílẹ̀ láti èjìká. Bó bá fọ́ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, omi rẹ̀ pé. Bó bá tú ká bí èlùbọ́, omi ò tó. Bó bá balẹ̀ pẹ̀tẹ̀ tí ò fọ́, o ti bà á jẹ́, kí o sì lọ wá ibi sá sí.

Àṣẹ kan wà tó ju gbogbo àṣẹ yòókù lọ. "Símẹ́ńtì tó bá ti kan omi," Ọ̀gá máa ń sọ ọ́, "kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Ìdí nìyẹn tí a fi ń pò ó díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba tí a lè tẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bó bá ti ń dì tí o tún tú u ká, kò ní dì dáadáa mọ́ láéláé. Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, láti bí aago mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan símẹ́ńtì títí wọn yóò fi kírun dé. Ilẹ̀ gbígbẹ nìkan la lè máa jọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ó ku oṣù méjì kí ọdún mẹ́ta pé. Èmi àti Múfú la jọ wọṣẹ́, àwa méjèèjì la sì jọ máa ṣe fírídọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni, Múfú yìí náà, ṣùgbọ́n kò tíì di ọkọ ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, ọmọkùnrin aláwàdà kan lásán ni. Ìyá mi ti ra aṣọ tí màá wọ̀, ó ti sọ fún gbogbo ojúlé. Iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀: Áfà kan ní Ibafo fẹ́ kọ́ yàrá ńlá kan fún àwọn ọmọ ilé kéwú rẹ̀, bíríkì wa ló sì fẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Ọ̀gá lọ kírun, Múfú àti àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Èmi ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, mi ò lè kírun, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù.

Mo wo òkìtì ilẹ̀ tí a ti jọ̀. Mo ní, bí mo bá po gbogbo eléyìí kí wọ́n tó dé, títẹ̀ nìkan ló kù. Ọ̀gá á ní, "Sìdí, o ṣeun." Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta, Ọ̀gá ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Mo da símẹ́ńtì sí i, mo bu omi sí i, mo fi ṣọ́bìrì yí i títí apá fi ń ro mí. Mo wá fi tapólì bò ó kí oòrùn má bàa gbẹ ẹ́. Lójú tèmi, oòrùn ni ọ̀tá.

Wàásí ọjọ́ náà gùn. Nígbà tí Múfú máa dé, òun nìkan ló dé, wọ́n ti gbé Ọ̀gá àti àwọn yòókù lọ wo ilẹ̀ kan ní Àgbàdo. Mo ṣí tapólì. Òkìtì ti ń le.

Múfú ní, "Sìdí, ṣebí Ọ̀gá ní..."

"Ọ̀gá ní, Ọ̀gá ní! Bu omi síbẹ̀ jàre."

Ó bu omi síbẹ̀. A tún un yí, a tẹ̀ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin èèyàn, bíríkì náà dán! Igun rẹ̀ mú ṣáṣá. Ọ̀gá dé, ó rìn yí i ká, ó ní iṣẹ́ lọ dáadáa. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣáà dán. A bomi rin ín, a fi ọ̀rá bò ó fún iye ọjọ́ tó yẹ, wọ́n kó o lọ sí Ibafo. Bíríkìlà mọ ògiri kọjá ojú fèrèsé. Kí wọ́n tó kan páànù, òjò dé.

Òjò Ibafo, ẹ fi sílẹ̀! Ilẹ̀ àbàtà ni, omi ibẹ̀ kì í tètè lọ. Ó gbára jọ sí ìdí ògiri, bíríkì ìsàlẹ̀ sì rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì. Lọ́sàn-án gangan, ẹ̀gbẹ́ ògiri kan sùn sílẹ̀ gbalaja. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí ilé kéwú ń sinmi, kò sí ọmọ kankan nítòsí. Ká ní Ọjọ́rú ni... Mo ti darúgbó tán, mi ò tíì lè parí gbólóhùn yẹn.

Nígbà tí a débẹ̀, Áfà dúró lábẹ́ agbòjò, ó ń wo ògiri tó wó. Ọ̀gá mú bíríkì kan, ó fún un, ó fọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ṣí fìlà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí orí rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Áfà, ẹ forí jì mí. Ojú mi ló ti ń di arúgbó. Ilẹ̀ tí mo yàn ni ò dáa."

Yéè! Ọkùnrin tó ti ń jẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó bí mi, òun ló ń sọ pé òun ò mọ ilẹ̀ mọ́. Múfú já mi léèékánná ní apá pé kí n panu mọ́. Mo rántí fírídọ̀mù mi, mo rántí aṣọ tí ìyá mi rà. Ṣùgbọ́n àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ yín dáa. Èmi ni. Mo pò ó nígbà tí ẹ wà ní Jímọ̀. Ó ti ń dì, mo tún un pò."

Ọ̀gá ò gbóhùn sókè. "Ṣé o gbọ́ nígbà tí mo ní kẹ́nikẹ́ni má pò ó?"

"Mo gbọ́, sà."

"Kí ló wá dé?"

Mo bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ kí ẹ sọ pé mo ṣeun ni."

Áfà ló kọ́kọ́ lanu. "Ọ̀gá Lámídì," ó ní, "ọmọ yìí jẹ́wọ́ o." Ọ̀gá dé fìlà rẹ̀ padà. Ó wá ní, "Ìwọ nìkan lo máa ṣe bíríkì ògiri yìí. Fi àtàǹpàkò tẹ igun ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó le, kí n lè mọ tìẹ. Wọn ò ní fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà. Bí òjò ọdún kan bá rọ̀ lé e tí kò jẹ ẹ́, màá ṣe fírídọ̀mù fún ẹ. Bó bá jẹ ẹ́, o ò tíì kọ́ṣẹ́ nìyẹn."

Wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún Múfú lóṣù méjì sí i. Múfú náà ti jẹ́wọ́ tirẹ̀, Ọ̀gá sì ní òun mọ ẹni tó pò ó àti ẹni tí wọ́n fipá mú bu omi. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo délé mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ká aṣọ tuntun náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àmọ́ ohun kan yà mí lẹ́nu. Àsìkò ìyà yẹn ni mo wá mọ adùn iṣẹ́ náà. Mo ń pò ó ní páànù ìkólẹ̀ méjì-méjì, mo ń jù ú sílẹ̀ láti èjìká, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀. Mo ń bomi rin bíríkì yẹn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń wò mí, mi ò sì wá ẹni tó máa wò mí. Nígbà tó tó kíkó lọ, mo fi ọ̀kan lu èkejì, ó dún gan-an bí abọ́ tánganran. Mo jó níbẹ̀, èmi nìkan.

Wọ́n mọ ògiri náà padà, wọ́n kan páànù. Ìgbà tí òjò ọdún kejì wá bẹ̀rẹ̀, mi ò sinmi mọ́. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, màá wọ mọ́tò méjì, nígbà míì mẹ́ta, láti Ifo lọ sí Ibafo, kí n lọ wo ìdí ògiri. Nígbà kẹta tí mo lọ, mo bá Múfú níbẹ̀ pẹ̀lú agbòjò.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mò ń kọjá lọ ni."

"Ta ló ń ti Ifo kọjá gba Ibafo?"

Ó ní òun náà bu omi sí i, òun fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Mo ní kó yáa jẹ́ ká jọ máa wò ó. Gbogbo òjò ọdún náà la fi dúró sábẹ́ agbòjò kan ṣoṣo, tí à ń wo ògiri. Ẹ má bi mí bóyá ògiri nìkan la wò. Ọmọ mẹ́rin la bí.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, Ọ̀gá wá. Ó gbé garawa omi kan, ó mú ìṣó gígùn kan dání, àpò kan wà ní èjìká rẹ̀. Ó da omi sí ògiri gàà, ó fi ìṣó fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó dún kíríkírí, kò sí ohun tó já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí ògiri, ibi tí omi máa ń dúró sí, ó fi ìka ha á. Èmi ti kúnlẹ̀, gbogbo àdúà tí mo mọ̀ ni mò ń kà, mo tún ń ka àwọn tí mi ò mọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó dìde.

"Sìdí."

"Sà."

"Tẹ́wọ́."

Ó yọ ajọ̀ jáde nínú àpò, ajọ̀ tí mo fi oṣù mẹ́ta dì mú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ṣàdúà. Àwọn ọmọ kéwú ń pariwo "Àmín" bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣí páànù òrùlé. Lẹ́yìn náà ó wò mí lójú, ó ní, "O ṣeun." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti gba ẹ̀bùn lóríṣiríṣi láyé mi, kò sí èyí tó tó ìyẹn.

Ìyókù iṣẹ́ mi, mi ò ní fi da yín láàmú. Èmi àti Múfú kó wá sí Mowe nígbà tí ibí ṣì jẹ́ igbó pẹ̀lú ilé bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ la kọ́kọ́ lò. Múfú á rọ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ bí ọ̀bọ kó tó lọ sílẹ̀, èmi á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń lo epo díísù dé, iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ òwúrọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ takò ó, èmi náà ni mi ò jẹ́ kẹ́lòmíì fọwọ́ kàn án mọ́. Ìgbà kan wà tí gbogbo ayé ní búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ni ti olówó, wọ́n ń pè wá ní onílé amọ̀. A jìyà díẹ̀, a ò kú. Nígbà tí símẹ́ńtì wá gbówó lérí, àwọn náà ló ń fi ọ̀yàyà kí mi lójú títì: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bíríkì yín yẹn..." Ilé rẹ̀ sì máa ń tutù lásìkò ooru, ẹ bi àwọn tó ń gbénú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ò sì tán. Ọmọbìnrin ẹnjiníà kan ló wá sọ fún mi pé ilẹ̀ Ibafo tó ń fà bí ẹ̀bà, láìmù, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe símẹ́ńtì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ dán an wò." Mo dán an wò. Ẹ̀rín mi dáwọ́ dúró, mo sì bu omi tútù fún un mu. Ọ̀gá Lámídì ò mọ èyí. Ká ní ó wà láyé, á bu láìmù sẹ́nu ni!

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ Áfà tó gba ipò bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Àwọn ọmọ kéwú ti pọ̀, ó fẹ́ kọ́ ilé alájà kan, wọ́n máa wó yàrá àtijọ́ náà. Ó ní kí a wá wò ó kó tó lọ. Ọkàn mi fà díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ wa, a kì í bínú ilé tuntun. Ọjọ́ Jímọ̀ ló bọ́ sí. Mo bá àwọn tó fẹ́ wó o níbẹ̀ pẹ̀lú òòlù ńlá. Olórí wọn, géńdé aláyà fífẹ̀ kan, fi ẹsẹ̀ kan ògiri, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó síbòji. Ilé ilẹ̀ ni, ká tó lọ kí Jímọ̀ a ti parí."

Múfú sọ sí mi létí pé, "Panu mọ́." Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, mo panu mọ́.

Géńdé gbé òòlù sókè, ó gbá ògiri. Òòlù ta padà. Ó wo òòlù, ó wo ògiri, ó tún gbá a. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́, òógùn bò wọ́n. Ní tèmi, ẹ̀rín ni mò ń rín sínú. Nígbà tí wọ́n pèrun, igun kan péré ló ṣí. Géńdé jókòó sílẹ̀, ó ní, "Ta ló ṣe bíríkì yìí, Ọlọ́hun?" Wọ́n lọ kírun. Èmi àti Múfú náà lọ.

Nígbà tí a dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Símẹ́ńtì kì í dúró de Jímọ̀, ṣùgbọ́n ògiri mi dúró dè wá.

Wọ́n padà fi irin yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ jáde odindi, ọmọ Áfà sì ní òun máa fi í mọ ọgbà ilé tuntun náà yí ká. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹyọ kan. Òun ni mo jókòó lé yìí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ débẹ̀, mo dìde kí Báṣírátù lè rí i. Ó wá igun rẹ̀ títí, ó rí ojú àtàǹpàkò mi níbẹ̀, ó fi tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, ṣé èèyàn ṣì lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín? Ìgbà wo ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ?"

Mo ti fẹ̀yìntì o, gbogbo Mowe ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wọlé, mo mú ajọ̀ Ọ̀gá Lámídì kúrò lára ìṣó tí mo fi kọ́ ọ, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ ò tíì yá," mo ní. "Oṣù mẹ́ta."

Ojú rẹ̀ fà ro, Múfú sì bú sẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé.